Iná Kọ́ Ni Oògùn Agbọ́n

Kò sí àdúgbò tí mo gbé rí n'Íbàdàn tí wọn kì í ti í sọ ọ́: “Iná nìkan ni agbọ́n ń gbọ́.” Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfepo bọyọ̀: irọ́ ni.

Bàbá onílé wa rí itẹ́ agbọ́n kan lábẹ́ etí òrùlé. Kò tóbi ju ìdérí ife lọ, agbọ́n ara rẹ̀ kò sì pé mẹ́wàá. Ọ̀sán gangan ni bàbá wé àkísà mọ́ orí igi, wọ́n rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, wọ́n ṣáná sí i. Itẹ́ jóná lóòótọ́. Pákó òrùlé náà gbaná, ó di inú àjà. Garawa omi 11 la dà kó tó kú. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, agbọ́n mẹ́ta tó ti lọ wá oúnjẹ dé, wọ́n ń fò yí ojú ibi tó dúdú náà ká. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bàbá wa fúnra wọn ló gbé e lọ síbẹ̀.

Ti pẹtiróòlù tún burú jù. Ooru rẹ̀ tí a kò fojú rí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; ẹni tó dúró nísàlẹ̀ ló ń rọ̀ lé lórí.

Kí tilẹ̀ ni à ń bá jà? Agbọ́n a máa họ igi gbígbẹ, a rún un pọ̀ mọ́ itọ́, a fi kọ́lé bíi bébà, a sì fi ọrùn tín-ín-rín kan so ó rọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ló fi ń mí. Omi lásán a yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí ọṣẹ bá wà nínú omi, ó di kó wọ ihò wọ̀nyẹn, èémí pin.

Ẹ dúró dalẹ́, kí gbogbo wọn ti wálé. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ bo orí àti ọrùn. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má dì í mọ́wọ́, torí ibi ìmọ́lẹ̀ ni èyí tó bá ta kúrò ń fò lọ. Ẹ bu omi ọṣẹ sínú ike tí a fi ń fín omi sáṣọ ká tó lọ̀ ọ́; ìyẹn ti tó. Ẹ yí ẹnu rẹ̀ kómi máa jáde tààrà, ẹ fín in títí wọn á fi já bọ́. Láàárọ̀, ẹ fi ọ̀pá já itẹ́, ẹ ha ọrùn rẹ̀ kúrò.

Wọ́n á tún ní: “Bí a kò bá sun ún, á padà.” Èyí tó wà lóko nígbà tí ẹ ń sunlé rẹ̀ lọ́sàn-án ló ń padà! Àwọn tó ní ọ̀tá ló rán an wá, n kò ráyè tiwọn lónìí.

Bí itẹ́ bá tóbi, tó bá gba àkàsọ̀, tàbí tí agbọ́n ti ta ẹnìkan nínú ilé rí tí ọ̀fun rẹ̀ wú, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tó wà lórí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi, n kò fọwọ́ kàn án. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ mi ni wọ́n ń kó lọ fọ́mọ wọn jẹ.