Ìrántí Kọ́ Ni Àká: Èrò Kan lórí Orúkọ Ibi Ìpamọ́ inú Ẹ̀rọ Géèmù

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ni ó gbà pé iṣẹ́ wa ti parí ní ọjọ́ tí a bá ti rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fi dípò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ó tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a ó tẹ̀ wọ́n jáde, a ó sì máa retí kí àwọn ènìyàn lò wọ́n. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ náà kò tíì parí títí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò fi lè mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọjà, kí ó fi ra ohun tí ó yẹ kí ó rà, kí ó sì fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìṣìṣe. Inú iyàrá ìkàwé kọ́ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Ìkàrẹ́ Àkókó ni mo ti kọ́ ọ, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní ẹ̀rọ PlayStation 4 méjì tí ó fi ń ṣòwò. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ a máa wá gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀rọ náà, wọn a sì máa sanwó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń wá déédéé ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ tí ó ti ń tọ́ láti oṣù dé oṣù, inú ẹ̀rọ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà. Àkọsílẹ̀ yìí ni ó ń mú wọn padà wá. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà kọ̀, kò gba géèmù tuntun mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú amóhùnmáwòrán. Ọmọkùnrin náà ké sí mi pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ohun tí ó ń wí.” Mo kà á, mo sì dáhùn pé, “Ìrántí rẹ̀ ni ó kún. Lọ wá ìrántí tí ó tóbi jù ú lọ fún un.”

Ó wọ ọkọ̀, ó gba Àkùngbá, ó dé Ọ̀kà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó béèrè ìrántí, ìrántí ni wọ́n sì tà fún un: pátákó pẹlẹbẹ kan báyìí tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹni tí ó tà á kò rẹ́ ẹ jẹ, nítorí ohun tí ó béèrè ni ó gbà. Ìgbà tí ó dé ilé ni ó rí i pé kò sí ojú ihò tí òun yóò kì í bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sí, nítorí pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti jó irú ìrántí bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn lára.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá yí ọ̀rọ̀ padà, mo ní kí ó lọ pààrọ̀ háàdì. Ohun tí a ń pè ní pààrọ̀ lọ́jà ni ó lọ ṣe: ó gbé háàdì àtijọ́ kalẹ̀, ó fi owó lé e, ó sì gba èyí tí ó tóbi. Ṣùgbọ́n òfìfo ni èyí tí ó gbà. Nígbà tí ó fi máa sáré padà sí Ọ̀kà ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti nu ti àtijọ́ mọ́ kí wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lọ, àwọn kan nínú wọn sì bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún ọmọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ méjì tí èmi, olùkọ́ Yorùbá, fi lé e lọ́wọ́ ni ó ṣì í lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní wò. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni PlayStation 4 ń kó nǹkan sí. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ó ń tẹ́ ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Gígábáìtì 8 ni ìwọ̀n rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ó sì ń pòórá bí iná bá ti lọ. Èkejì ni háàdì, níbi tí ó ń pa géèmù àti àkọsílẹ̀ mọ́ sí. Gígábáìtì 500 ni ti ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2013, ohun tí a bá sì kó síbẹ̀ yóò wà níbẹ̀ yálà iná wà tàbí kò sí. Àwa tí ń túmọ̀ ti da ìrántí bo méjèèjì. Èyí tí ó burú jù ni pé èyí tí orúkọ náà lẹ̀ mọ́ jù lọ ni kì í rántí ohunkóhun. Ní Àkókó wa níbí, níbi tí iná kì í dágbére kí ó tó lọ, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Àbá mi ni pé kí a pe ibi ìpamọ́ náà ní àká. Ọmọ àgbẹ̀ kò sí ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà tí kò mọ ohun tí àká jẹ́. Ibẹ̀ ni a ń kó irè sí títí di ọjọ́ tí a óò lò ó. Àká lè kún. A lè sọ bí ó ti tóbi tó. A sì lè kó ohun tí ó wà nínú àká kékeré lọ sínú àká ńlá. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ sọ nípa ibi ìpamọ́ inú ẹ̀rọ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí olùkọ́ tó la ẹnu. Ní ti ibi àkọ́kọ́, mo dábàá ọpọ́n. Ẹni tí ó bá ta ayò rí mọ̀ pé orí ọpọ́n ni ọmọ ayò ń wà níwọ̀n ìgbà tí eré bá ń lọ. Bí eré bá ti parí, a ó palẹ̀ wọn mọ́, ọpọ́n kò sì ní sọ fún ẹni tí ó bá dé lọ́la bí eré àná ti rí. Kí a dá ìrántí padà fún ọmọ ènìyàn tí ó ni ín.

Àwọn kan yóò ní kí a fi ìrísí ohun náà sọ ọ́ lórúkọ, kí a pè é ní àwo tí ń yí. Òótọ́ ni pé àwo ni ó wà nínú háàdì. Ní 1956, nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, àwo 50 tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ínǹṣì 24 ni wọ́n tò léra wọn, gbogbo ohun tí wọ́n sì lè gbà kò ju nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Háàdì gígábáìtì 500 tí ó wọ àtẹ́lẹwọ́ gba nǹkan bí ìlọ́po 100,000 èyí. Síbẹ̀, nígbà tí PlayStation 5 jáde ní 2020, kò sí àwo kankan nínú rẹ̀ tí ń yí láti pa nǹkan mọ́. Gígábáìtì 825 tí ó bá a wá, inú ègé tí kì í yí rárá ni ó wà, irú ègé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ Sony sì gbà kí ènìyàn fi kún un láti oṣù kẹsàn-án 2021. Bí a bá ti fi àwo sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà ì bá ti kú. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe máa ń pẹ́ ju ìrísí rẹ̀ lọ, nítorí náà iṣẹ́ ni kí a máa fi sọ nǹkan lórúkọ.

Èyí kò wí pé kí a lé háàdì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àyálò tí ó ti wọlé ni. Atúnṣe ní Ọ̀kà àti oníṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́ ni ó ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí háàdì jẹ́ orúkọ irú àká kan, bí sítóòfù ti jẹ́ irú ìdáná kan. Kò sí ìjà láàrin wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ó ṣòro jù. Àwọn atúmọ̀ kan ń pe iṣẹ́ yìí ní ìmúgbòòrò. Kí ni ó gbòòrò? Àká àtijọ́ kò fi ínǹṣì kan tóbi sí i. A yọ ọ́ kúrò ni, a sì fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Pààrọ̀ tí èmi lò kò sàn jù ú lọ, nítorí pé nínú pààrọ̀ olówó a gba tirẹ̀, ọlọ́jà a sì gba tirẹ̀. Rọ́pò ni mo rò pé ó yẹ. Ẹni tí ó rọ́pò ẹlòmíràn lórí oyè ń gba ipò àti ẹrù ipò náà pọ̀ ni. A kì í sì í jẹ́ kí ẹni àná lọ láìjẹ́ pé ó fi ohun ìní ilé lé wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí a bá kọ ìrọ́pò àká sínú ìwé ọ̀rọ̀ wa, kí àlàyé abẹ́ rẹ̀ ní ìpele mẹ́rin nínú. Èkínní, ṣíṣe ẹ̀dà: kí a da àkọsílẹ̀ tí a kò fẹ́ pàdánù kọ sínú ohun ìpamọ́ mìíràn. Èkejì, ìrọ́pò fúnra rẹ̀: kí a pa ẹ̀rọ pátápátá, kí a yọ okùn iná rẹ̀, kí a tú súkúrù kan tí ó di ilé àká mú àti mẹ́rin tí ó de àká mọ́ ilé rẹ̀, kí a sì fi àká tuntun sí i. Ní ti PlayStation 4, ínǹṣì 2.5 ni àká náà gbọ́dọ̀ jẹ́, kí ó má nípọn ju mìlímítà 9.5 lọ, kí ó má sì kéré sí gígábáìtì 160. Ẹ̀kẹta, ìpìlẹ̀: kí a fi fíláàṣì gbé ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lákọ̀tun, nítorí òfìfo àká kò mọ ohunkóhun. Níbí pàápàá, orúkọ lè ṣi ènìyàn lọ́nà: fáìlì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun àti èyí tí a kàn fi ń ṣe àtúnṣe ń jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni a ń wá. Ẹ̀kẹrin, ìdápadà: kí a dá ẹ̀dà tí a ṣe padà sínú àká tuntun. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní fi àká àtijọ́ ṣe owó ọjà kí ó tó kó ohun inú rẹ̀.

Mo mọ iyì iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú wa. Láti 1970 ni a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990. Ṣùgbọ́n èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé méjèèjì dá lé, olùkọ́ sì wà níwájú àwọn ọmọ Ilé-Ifẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ tí kò bá yé wọn sọ. Ẹni tí ó mú súkúrù lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà nìkan ni ó ní.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi fún ni pé kí a tó tẹ ọ̀rọ̀-ìperí ẹ̀rọ kankan jáde, kí a kọ́kọ́ fi rán ènìyàn lọ sí ọjà. Bí ohun tí ó bá rà bá bá a mu, kí a tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá bá a mu, kí a tún un rò.

Nígbà tí ẹ̀rọ kejì ọmọkùnrin yìí kún, a jọ jókòó. A ṣe ẹ̀dà sínú fíláàṣì kí ó tó jáde nílé. Ní Ọ̀kà, ó ní àká ẹ̀rọ géèmù ni òun ń wá, olínǹṣì 2.5, òun kò sì ní fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Atúnṣe náà bi í pé, “Ṣé háàdì ni?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sanwó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àkọsílẹ̀ kan kò dín nínú ti àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju àká, ọpọ́n àti rọ́pò lọ, kí ó mú un wá. Kí ó sì sọ fún wa ohun tí wọ́n fi rà.