Kajú Lórí Ilẹ̀ Ẹlòmíràn



Àsìkò kajú kì í ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ná Ọjà Igbó. Láti Bùràsíìlì ni àwọn Potogí ti gbé igi yìí wá ní ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé. Bí ọyẹ́ le tó, bí ilẹ̀ gbẹ tó, á so. Ṣùgbọ́n kò lè bá iná ìgbẹ́ jà.

Líle tó le yìí ló ń tan àwọn kan jẹ. Wọ́n á gbìn ín súnmọ́ra bí àgbàdo, ẹ̀ka á wọnú ara wọn, èso á dínkù. Ẹ jẹ́ kí ó tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà láàárín igi kan sí èkejì. Kóró tó bá léfòó nínú omi, ẹ má gbìn ín. Kódà kóró igi tó ń so ńláńlá lè bí ọmọ tí kò jọ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka igi àgbà tó dára, tí wọ́n á so ó mọ́ ọ̀dọ́ igi. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìbàdàn, ń ṣiṣẹ́ lórí kajú náà. Ẹ bi wọ́n.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gan-an ló ń kọ wá lóminú. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ láìsí wàhálà. Bó bá gbin igi, onílẹ̀ á ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Kajú sì ń tó ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, a sì lè máa ká a fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bàbá tó fún wa nílẹ̀ bá kú lọ́dún kẹrin ńkọ́? Owó ẹgbẹ́ tí a yá, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò san án? Àwọn ìyá wa tó ń dáko lórí ilẹ̀ ilé ọkọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Èrò tiwa ni pé kí ìgbìmọ̀ má yá ẹnikẹ́ni lówó kajú lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, àfi bí olórí ẹbí bá fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹlẹ́rìí: ọdún mélòó, ta ló ni igi, ta ló ni èso. Àwọn kan ní àrífín ni láti ní kí àgbà tẹ̀ka. A ò gbà. Àgbà tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun dúró kò ní bínú sí ìwé.

Kí ẹ sì jọ̀wọ́ ṣe é kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo wa ti wà lóko, ta ni yóò jókòó kọ̀wé?