Ọjà São Joaquim Ni Kí A Kọ́kọ́ Yà Sí Ní Bahia

Ọmọ Yorùbá tó bá balẹ̀ sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl, kì í pẹ́ mọ ibi tí àwọn afọ̀nàhanni fẹ́ mú un lọ. Wọ́n á mú un gun òkè Pelourinho, níbi tí àwọn ilé aláràbarà àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà. Wọ́n á mú un dé ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà, bóyá Casa Branca tó ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká, tàbí Ilê Axé Opô Afonjá tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bá a sọ̀kalẹ̀ wá sí Mercado Modelo létí èbúté, kí ó ra ìlẹ̀kẹ̀ àti ère. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ètò yẹn. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tó ṣe kókó jù lọ sílẹ̀, ìyẹn ọjà oúnjẹ São Joaquim tó wà létí omi, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí erékùṣù Itaparica. Bí a bá ń béèrè ohun tó mú kí ìṣe Yorùbá wà láàyè ní Bahia títí di òní, inú ọjà ni kí á kọ́kọ́ wò kí á tó wo ojúbọ, àti kí á tó wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Epo pupa wà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì. Edé gbígbẹ wà ní òkìtì-òkìtì, wọ́n ti ṣa ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára wẹ́wẹ́. Ilá tútù wà, ẹ̀wà wà, àgbàdo funfun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ata, àtalẹ̀, ẹ̀pà, àgbọn, àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó fara jọ gàárì tiwa. Àwọn eléwé wà láàárín ọjà kan náà, àwọn olóbì àti olórógbó, àwọn oníkòkò amọ̀. Ewúrẹ́ àti adìyẹ ààyè náà ní ìsọ̀ tiwọn. Ìyá tó fẹ́ se ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ àti ìyálórìṣà tó fẹ́ ṣe ọdún jọ ń gba ọ̀nà kan náà wọlé ni, ọwọ́ alátẹ kan náà ni wọ́n sì lè ti ra ilá. Ní ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ní Bràsíl, Ọjọ́rú jẹ́ ti Ṣàngó, àmàlà tí wọ́n sì ń gbé síwájú rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ilá tí wọ́n fi epo pupa àti edé sè. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti Òrìṣà Ńlá, oúnjẹ funfun ni tirẹ̀. Tí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án bá pé, tó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ tó jẹ́ ìbejì, ọ̀pọ̀ ilé ní Bahia ló ń se carurú, ìyẹn ọbẹ̀ ilá, fún Ìbejì, ọmọdé méje ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn ń ka ilá náà níye gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́, ó sì lè tó ẹgbẹ̀rún kan. Kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè máa lọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ àti lọ́dọọdún, ẹnì kan ní láti gbin ilá, ẹlòmíràn ní láti fún epo, ẹlòmíràn ní láti sá edé, kí ọkọ̀ sì kó gbogbo rẹ̀ wá sí ojú kan tí apá tálákà ká. Kò sí ibòmíràn tí gbogbo èyí ti ń pàdé bí kò ṣe ọjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Luís dos Santos Vilhena, ará Portugal tó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní Salvador, kọ àwọn lẹ́tà kan nípa ìlú náà láàárín 1798 sí 1802. Ó fi ìbínú ka àwọn oúnjẹ tí obìnrin dúdú ń kiri ní títì: carurú, vatapá, acaçá, acarajé, abará. Ohun tó dùn ún ni pé àwọn ilé olówó ló ń rán ẹrú wọn jáde lọ tà á. Àròyé lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló kọ sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kò tíì dé Bahia, àkàrà (acarajé), ẹ̀kọ (acaçá) àti ọ̀ọ̀lẹ̀ (abará) ti wà ní ìta gbangba, tí ará ìlú ń fowó rà á. (Àwọn ará Dàhòmì náà lọ́wọ́ nínú oúnjẹ wọ̀nyí, kò yẹ kí á gba gbogbo iyì rẹ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́.) Obìnrin tó ń kiri ní iye tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún olówó rẹ̀, ohun tó bá lé jẹ́ tirẹ̀, àwọn kan sì fi èrè bẹ́ẹ̀ ra ara wọn padà. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn ń ru ẹrù. Ní 1857, àwọn alárù wọ̀nyí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nagô, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan nítorí òfin tó ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì so irin mọ́ ọrùn. Òwò ìlú dúró. Láàárín ọ̀rúndún yẹn kan náà, ọkọ̀ ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bahia: tábà àti ọtí ìrèké ń bọ̀ wá sí Èkó, obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ń lọ sí Bahia. Fùrèjọ̀n tí àwọn Àgùdà, àtọmọdọ́mọ àwọn tó padà láti Bràsíl, ṣì ń sè ní Èkó ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ojú ọ̀nà òkun yẹn kan náà ló gbà wọlé.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ẹ̀sìn ló pa ìṣe wa mọ́ ní Bahia, pé ọjà kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá sí àwọn ìyálórìṣà, ta ni ìbá mọ̀ pé ti Ọya ni àkàrà? Àwọn kan wà ní Salvador lónìí tó ń ta àkàrà yẹn kan náà lórúkọ Jésù, nítorí ìjọ tí wọ́n ń lọ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òrìṣà. Oúnjẹ nìkan kò lè rántí fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á yí ìbéèrè náà padà. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ọdún wọn, àwọn ọlọ́pàá sì ti ya wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n kó ìlù àti ohun ìbọ lọ. Ìlù ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni. Ilá, epo pupa àti edé kò ṣeé fòfin dè ní ìlú tí dúdú àti funfun, olówó àti ìwọ̀fà jọ ń jẹ wọ́n. Nígbà tí ìjọba ń dọdẹ ojúbọ, oúnjẹ ojúbọ wà ní gbangba, lórí àtẹ, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ẹ̀sìn àti ọjà ni wọ́n jọ gbé ẹrù náà. Ọ̀kan nínú wọn ni a ti ń kọ ìwé lé lórí, tí a sì ń fi oyè dá lọ́lá, èkejì ni a ń bá ṣe bí ẹni pé ìdọ̀tí lásán ni.

Ìtàn ọjà méjì nínú ìlú kan ṣoṣo yìí fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Nígbà tí Mercado Modelo ṣí ní 1912, ọjà tí ará ìlú ti ń ra oúnjẹ ni. Ọkọ̀ aláṣọ-ìgbòkun láti àwọn ìlú etí òkun ní agbègbè Recôncavo ń já ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná jó o ní 1969. Wọ́n gbé e lọ sínú ilé kọ́sítọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n kọ́ parí ní 1861, iná tún wọ ibẹ̀ ní 1984, wọ́n sì tún un kọ́. Ó dára lójú lónìí. Ère, ohun èlò orin berimbau, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ilé oúnjẹ wà ní òkè. Ṣùgbọ́n ìyá onílé kì í lọ ra ilá níbẹ̀ mọ́. Ọjà kejì ni Água de Meninos. Ọjà tálákà ni, ìbẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ lé e kúrò sì ti gbilẹ̀ dé ibi pé Roberto Pires fi ṣe fíìmù ní 1961, A Grande Feira. Iná run ọjà náà ní oṣù kẹsàn-án 1964. Àwọn oníṣòwò kó ohun tó kù, wọ́n sì ṣí lọ sí São Joaquim, tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Kò sí ilé aláràbarà tó ń dúró dè wọ́n. Oníbàárà ló tẹ̀lé wọn lọ, torí pé ẹni tó fẹ́ se carurú kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Iná ló ba ọjà méjèèjì jẹ́, létí òkun kan náà. Wọ́n tún ọ̀kan kọ́ fún àlejò, ó sì di ibi tí àlejò ń lọ. Èkejì dúró ti àwọn tó ń dáná, ó sì ṣì jẹ́ ọjà.

Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba palẹ̀ São Joaquim mọ́ máa ń tọ́ka sí ẹrẹ̀, òórùn, wáyà iná tó ta kókó lórí ìsọ̀, àti ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ panápaná kò lè gbà. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá sọ pé kí ọjà wà bẹ́ẹ̀ torí pé ó jọ ti àtijọ́, ìyà àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kò kàn án. Ìjọba ti tún apá kan rẹ̀ ṣe, kò sì sí ohun tó burú nínú kí wọ́n tẹ̀síwájú. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni irú àtúnṣe tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé tó ń dán. Omi ẹ̀rọ, gọ́tà, iná tí kò léwu àti ibi tí wọ́n ti lè pa ẹran ní mímọ́ ni kí wọ́n fi ṣáájú. Kí wọ́n ṣe é ní apá kan lẹ́yìn ìkejì, kí alátẹ má baà pàdánù oníbàárà rẹ̀ fún ọdún gbáko. Pabanbarì rẹ̀, kí owó ìsọ̀ má kọjá ohun tí obìnrin tó ń ta ewé lè rí san, nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ tí owó bá gòkè. Bí eléwé bá lọ, ìyálórìṣà á wá a lọ síbòmíràn, ẹni tó ń ta obì á tẹ̀lé wọn.

Àwọn mìíràn ní àlejò ló lówó, pé kí ọjà tọ owó lọ. Wọn kò jẹ̀bi tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn alákàrà ní Salvador. Àjọ tó ń bójú tó ohun àjogúnbá ní Bràsíl, IPHAN, fi iṣẹ́ wọn sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2005. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù Confederations Cup ti 2013 ń bọ̀, òfin FIFA fẹ́ lé wọn kúrò ní àyíká pápá Fonte Nova. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀hónú hàn ni wọ́n tó gba díẹ̀ nínú wọn láàyè. Ìwé ẹ̀yẹ kò dáàbò bo àtẹ wọn. Àlejò tó bá fẹ́ ran ọjà lọ́wọ́, kí ó ra ohun tí ará ìlú ń rà. Èyí tó pọ̀ jù nínú epo pupa Bràsíl ń wá láti oko ńlá-ńlá ní ìpínlẹ̀ Pará, ṣùgbọ́n ní gúúsù Salvador, ní agbègbè Valença, àwọn àgbẹ̀ kékeré ṣì ń fún epo ní ẹbu tiwọn, irú ọjà báyìí ni epo wọn sì ti ń rí ẹni rà á. Ìgò kan lọ́wọ́ àlejò kéré, ó sàn ju fọ́tò ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá bá tún fẹ́ bá Salvador tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí àṣà, kí àwọn ọba àti olórí òṣèré má ṣe nìkan wọ ọkọ̀ òfuurufú náà. Kí wọ́n mú ìyálọ́jà méjì tàbí mẹ́ta dání, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn àti àwọn oníṣòwò São Joaquim jókòó fún odidi ọjọ́ kan, kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí owó ìsọ̀, ewu iná, epo àti edé.