Májèlé Kì Í Dá Rìn

Bí àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ bá ń yẹ ọjà wò, májèlé kọ̀ọ̀kan ló ní òdiwọ̀n tirẹ̀: tèyí kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ, tọ̀hún kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń gbé májèlé ẹyọ kan ṣoṣo mì lójúmọ́?

Ẹ wo oúnjẹ òòjọ́ wa. Ẹ̀wà tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò Sniper sí nítorí kòkòrò la fi se mọ́ínmọ́ín láàárọ̀. Ẹ̀pà tó ti bu, tí wọ́n kàn yan, la fi panu lọ́sàn-án. Bó dìrọ̀lẹ́, ife páràgà kan nítorí jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹlòmíràn á tún fi ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì para kó tó sùn. Ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń tú oró wọn palẹ̀, kíndìnrín méjì náà ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Oró tó wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu, aflatoxin, kì í bá iná lọ tán. Ní Shanghai, àwọn onímọ̀ tọpa ìlera ọkùnrin tó lé ní 18,000, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1994. Ẹni tí oró yìí nìkan wà lára rẹ̀, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi bí ìlọ́po 3 ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B nìkan, bí ìlọ́po 7. Ẹni tó ní méjèèjì, bí ìlọ́po 59. Ẹ ro 3 mọ́ 7, 10 ni. Ẹ sọ 7 di ọ̀nà 3, 21 ni. Àpapọ̀ wọn ló bí ìyókù.

Kíndìnrín náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní Nairobi, lọ́dún 1972, àwọn dókítà yẹ àgbàlagbà 60 tí àìsàn kíndìnrín mú kí ara wọn wú wò. Ó lé ní ìdajì wọn tó ti ń lo ìpara abóra oní-mẹ́kúrì. Ẹ wá fi oògùn ara ríro tí a ń gbé mì láìbi dókítà léèrè lé e.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ìtọ̀ tó máa hó, kí ọrùn ẹsẹ̀ tó wú, kí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó yọjú, ọ̀ràn ti jinlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ará ilé máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe aláìsàn náà.

Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí dichlorvos, oògùn tó wà nínú Sniper. Ohun tí àlejò kọ̀, ṣé ó yẹ kí ọmọ wa máa jẹ ẹ́? Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè ráyè wọ̀ wà, ó ń pa kòkòrò ẹ̀wà láìlo oògùn kankan. Kí ìjọba sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ fún àgbẹ̀ àtàwọn ìyá ọlọ́jà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B wà fún ọmọdé, kí àgbà náà rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn tó ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ sì máa wo gbogbo ohun tó ń pàdé nínú ara ẹnì kan ṣoṣo.

Àwa náà níṣẹ́ tiwa. Ẹ da ẹ̀pà tó bu nù, ẹ má yan án. Ẹ ju ìpara abóra oní-mẹ́kúrì yẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìpàdé wọn ló ń sọ ewu di ńlá, ẹyọ kan tí a bá yọ kúrò láàárín wọn kì í ṣe nǹkan kékeré.