Túndé Kèlání, kámẹ́rà rẹ̀ àti àwọn tó ń kórè níbi tí wọn kò gbìn sí

Kí orúkọ Túndé Kèlání tó di èyí tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí fíìmù gẹ́gẹ́ bí olùdarí, ẹ̀yìn kámẹ́rà ló wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn Ṣaworoidẹ ni kò mọ èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kejì ọdún 1948 ni wọ́n bí i l'Ékòó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà l'Ábẹ́òkúta ló dàgbà sí láti ọmọ ọdún márùn-ún. WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1959, ló ti kọ́kọ́ di kámẹ́rà mú, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà jinlẹ̀ ní London Film School. Ó bá BBC àti Reuters ṣiṣẹ́ oníròyìn pẹ̀lú.

Fíìmù 16mm ni àwọn eléré ń lò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ya àwọn iṣẹ́ bíi Taxi Driver, Ìyá ni Wúrà àti Ìwà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra fíìmù ọ̀hún, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé e padà lọ fọ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, agbára wọn kò ká a mọ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti àwọn olè. Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá tí Ọlá Balógun darí lọ́dún 1982, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn wọ̀nyí ló jèrè, gbèsè ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà tí kò gbọ́.

Síbẹ̀, fídíò náà ni Kèlání gbá mú nígbà tó dá Mainframe sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde lọ́dún 1993, Bàbá Wáńdé sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tó ya àwọn fíìmù yìí sọ́tọ̀ ni pé ojú tó fi ń wo ayé nínú 16mm kò yí padà. Nínú Ó Le Kú tó jáde lọ́dún 1997, láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ó ya aṣọ àwọn obìnrin àwọn ọdún 1960 débi pé ìró péńpé àti bùbá alápá kékeré padà sóde, ‘oleku’ sì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ. (Fíìmù mélòó ló tíì ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa?) Lẹ́yìn èyí ni Ṣaworoidẹ dé, lọ́dún 1999 tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀: ọba kọ̀ láti ṣe ètùtù ilẹ̀ Jogbo, ṣọ́jà sì wá já adé gbà.

Lọ́dún 2011, ó gbé Màámi jáde láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan. Àdàkọ rẹ̀ kún ìgboro, Kèlání sì ké síta. Ọdún 29 ti kọjá lórí Ọ̀run Móoru! Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2023, mú ìjìyà le sí i, ṣùgbọ́n agbára òfin wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò mú ọ̀daràn.

Nígbà tí Ayinla, ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà olórin Àpàlà tí wọ́n pa l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1980, wá jáde ní 2021, ilé sinimá ni wọ́n gbé e lọ. Ọgbọ́n ni, nítorí pé àwọn aládàkọ kì í tètè rí i jí níbẹ̀. Àmọ́ inú àwọn ilé ìtajà ńláńlá ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ irú ilé sinimá bẹ́ẹ̀ wà, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì gbé pẹ́ẹ́lí. Ìyá aláta tó ra kásẹ́ẹ̀tì Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ lọ́jà kì í ya ibẹ̀. Kèlání mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbé sinimá alágbèéká kalẹ̀, tó ń ta aṣọ funfun sí gbangba ìta kí àwọn ará àdúgbò lè wòran. Ṣùgbọ́n oníkámẹ́rà kan ṣoṣo kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yí ilẹ̀ Yorùbá ká, bí ìjọba kò bá bá a gbé e.