Kókó Tí Kì Í Ṣe Oówo

Ooru ìbáà mú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í bọ́ ìborùn kúrò ní èjìká. Kókó kan ni wọ́n ń fi pamọ́. Ará àdúgbò ní oówo ni, omi gbígbóná ni wọ́n sì fi ń jó o, kò bẹ́. Báwo ni yóò ṣe bẹ́? Ọ̀rá ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọyún.

Lipoma ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó máa ń rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a pò, ó sì máa ń yẹ̀ lábẹ́ awọ bí a bá fi ìka tì í. Kì í sábà dunni, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọwọ́ lásán ni dókítà fi dá ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí kò yọ wọ́n lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tí ó le, tí kò yẹ̀, tí ó ń dunni tàbí tí ó ń yára tóbi, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ kan wà tí ó máa ń fara jọ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, abẹ́rẹ́ ni wọn yóò fi pa ìrora ojú ibẹ̀ kí wọ́n tó là á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Abẹ fẹ́lẹ́ tí àwọn kan fi ń là á nílé ni mo kórìíra jù: ẹ̀jẹ̀ á máa dà, ọgbẹ́ á kẹ̀, kókó tí kò jáde tán á sì tún hù.