ÀDÚRÀ TÍ ORÚKỌ WA KÒ SÍ NÍNÚ RẸ̀

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn ogun àti ìyàn bá dé etí wa, a máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ayé. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí ohun tí ẹnu wa ń sọ. A ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó yí ọkàn àwọn aláṣẹ padà, kí ó sì rẹ àwọn agbéraga sílẹ̀. A ka gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ ayé tán, a kò ka ara wa mọ́ wọn. Àwa wí pé èyí kì í ṣe àdúrà. Ẹjọ́ ẹlòmíràn ni a lọ rò níwájú Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí Farisí ti ṣe sí agbowó-òde nínú tẹ́mpìlì.

Àwọn ènìyàn mímọ́ ìgbàanì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nehemáyà gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ àti ti ilé baba rẹ̀, kí ó tó tọrọ igi àtúnṣe lọ́wọ́ ọba.

Ẹnìkan lè wí pé, "Àwa kọ́ ni a dá ogun sílẹ̀, kí ni a ó jẹ́wọ́?" Ẹ jẹ́ kí a rántí Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1945. Àwọn aṣáájú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú àwọn aṣojú ìjọ ilẹ̀ mìíràn pé ìgboyà, àdúrà, ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́ àwọn kò tó. Martin Niemöller wà lára wọn, ẹni tí ìjọba Hitler mú ní 1937, tí kò sì rí ìtúsílẹ̀ títí di 1945. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀tọ́ láti yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, òun ni. Kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìjẹ́wọ́ náà pàápàá ní àbùkù: kò dárúkọ àwọn Júù tí a pa ní ìpakúpa. Ìjẹ́wọ́ tí kò dárúkọ ẹni tí a ṣẹ̀ kò tíì pé.

Nítorí náà, àwa olùkọ́ tí a fi ìbínú na ọmọ ní òwúrọ̀, tí a sì bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà àwọn orílẹ̀-èdè ní ìrọ̀lẹ́. Àwa ọmọ ilé-ìwé tí a purọ́ mọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Àwa ará ìjọ tí a jókòó lórí àga kan náà láì kí ara wa: ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. A kò wí pé kí a dákẹ́ nípa ìwà ìkà àwọn alágbára. Ẹni tí ó bá ti jẹ́wọ́ tirẹ̀ ni ó lè bá wọn wí láìgbéraga. Kí a tó tún gbàdúrà fún ayé, kí olúkúlùkù dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kan tí í ṣe tirẹ̀, kí ó sì tọ ẹni tí ó ṣẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí a kúnlẹ̀.